Irin Inú Ọ̀kánjúwà

Láti ọjọ́ tí irin ti gba ojú ọ̀tún Bàbá ni wọn kò ti pa òwe igi gogoro nínú ilé yẹn mọ́. Àlejò tí kò mọ̀ lè jókòó jẹ́jẹ́, kó mu omi tán, kó wá ní "igi gogoro má gùn mí lójú," gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́. Bàbá nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín. Á ní, "Òkèèrè ni wọ́n ní ká ti máa wò ó. Ìtòsí ni èmi ti wo tèmi."

Ẹni tí ẹ̀rín yẹn kì í dùn mọ́ nínú ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ igi mọ̀ sí Awogi. Ó mọ ẹni tó fa irin náà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó kan ìṣó mọ́ igi ẹ̀yìn ilé wọn, ó fẹ́ máa fi báàgì ìwé rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, Bàbá fẹ́ gé igi náà, ó bi í pé, "Níbo ni ìṣó rẹ wà?" Awogi nàka sí ọ̀gangan àyà rẹ̀, torí ohun tó rántí ni pé ọ̀gangan àyà òun lòun kàn án sí. Kò rò ó pé àyà ọmọ ọdún márùn-ún kọ́ ni àyà ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá bá bọ́ sísàlẹ̀, ó gé e níbi itan. Ẹ̀wọ̀n ayùn ẹlẹ́ńjìnnì pàdé ìṣó, ó já, ó fò, ojú Bàbá ló sì bà lé.

Bàbá kò bá a wí rí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, gbólóhùn náà sì di bí àdúrà nínú ilé: "Igi kì í gbé irin ròkè." Àwọn ará ìta rò pé bí igi bá ṣe ń ga ni ìṣó ara rẹ̀ ń bá a gòkè. Irọ́ ni. Orí ni igi ti ń ga, ara rẹ̀ kàn ń sanra ni. Ibi tí o bá kan ìṣó sí lónìí, ibẹ̀ náà ni wàá bá a lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, bí igi bá tiẹ̀ ti gbé e mì. Bàbá ti bá ọkọ̀ ojú omi rìn nígbà èwe rẹ̀. Ó ti rí igi tí oje rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ṣá a. Ó ti rí èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi débi pé omi tó máa mu ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wà nínú rẹ̀. Ó ti rí igi kan ṣoṣo tó ń ta gbòǹgbò láti orí ẹ̀ka wálẹ̀, títí òun nìkan fi di igbó. Á máa ka àrà wọn fún àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ, á wá fi kádìí rẹ̀ pé kálukú ló ní àrà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó gbé irin ròkè nínú wọn.

Ìdí nìyí tí Awogi fi di ẹni tó ń yẹ igi wò kí wọ́n tó gé e. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó pọ̀n sẹ́yìn títí tó fi rìn, ló ń gé e, Agégi sì ni wọ́n ń pe òun. Àwọn méjèèjì jogún iṣẹ́ Bàbá, wọ́n sì fi òfin kan kún un. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa wà ní bẹ́líìtì Agégi, ìdí okùn á wà lọ́wọ́ Awogi. Ẹni tó wọ ohun ìdítí, tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbọ́ ipè. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, torí bó bá ta gìrì, ayùn á bá a ta gìrì. Nítorí náà, bí Awogi bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kí Agégi pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí ìjiyàn.

Igi tí wọ́n lọ gé lọ́jọ́ tí à ń wí yìí lórúkọ ládùúgbò. Ọ̀kánjúwà ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí wọ́n fi tì í tí kì í jẹ. Bẹ́ǹṣì kan tí ẹnìkan gbé tì í nígbà kan ti wọnú rẹ̀ tán, etí ìjókòó nìkan ló kù níta bí ahọ́n. Ó ti gbé ààbọ̀ táyà mì. Àwo funfun tí wọ́n kọ nọ́ńbà ilé sí, tí wọ́n kàn mọ́ ọn, igi ti pa ẹnu dé lórí rẹ̀ pátápátá. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọ̀kánjúwà ti ń kú. Ẹ̀ka òkè rẹ̀ ti gbẹ láti bí ọdún mélòó kan, òjò ìjẹta sì ti là á lọ́rùn, ó wá fì sórí ilé arúgbó kan tó ń dá gbé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Màmá Onílé. Rédíò ti sọ láàárọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí wọn ò bá tètè mú igi náà wó síbi tí wọ́n fẹ́, á wó síbi tó wù ú.

Awogi yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi òòlù onígi gbá a, ó fetí sí i. Ìdí igi náà wọlẹ̀ ṣánṣán bí òpó, kò fẹ̀, gbòǹgbò kankan kò sì yọrí. Awogi ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìdí igi yìí mà rí bákan, ó sì kọjá lọ. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni irin.

"Màmá, ǹjẹ́ ẹ mọ irin kankan nínú igi yìí?"

"Irin? Ó wà o," ni Màmá Onílé dáhùn. "Ọkọ mi gbá èèkàn irin kan wọ̀ ọ́ lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa, torí okùn ìsáṣọ. Ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ. Èjìká mi gẹ́lẹ́ ló ṣe déédéé rẹ̀, torí mo sọ fún un pé mi ò ní máa nà gàgà kí n tó sá ìlédìí ọmọ. Ṣùgbọ́n á ti lọ lókè réré báyìí. Ogójì ọdún kì í ṣeré."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Igi kì í gbé irin ròkè, Màmá."

Awogi ní kí Màmá dúró ti igi. Ó fi ẹfun sàmì sí ọ̀gangan èjìká rẹ̀, ó wá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kún un.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àgbà máa ń dín díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀? Kí ọkọ mi tó kú, ó ní bí mo bá tún dín sí i, àpò ṣẹ́ẹ̀tì lòun máa fi mí sí."

Awogi mú irin ìlugi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi náà yí ká níbi àmì náà. Ihò àkọ́kọ́, igi lásán. Èkejì, igi lásán. Ní ihò kẹfà, nǹkan dún kíń, irin kò sì wọlé mọ́. Awogi mí kanlẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa yí igi ká níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan nísàlẹ̀, níbi tí kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sí ilẹ̀.

"Níbí ni kí o ti gé e," ló sọ fún Agégi. "Irin wà lókè, ìwọ wà nísàlẹ̀. Ẹ ò ní pàdé."

Agégi so okùn mọ́ bẹ́líìtì, ó wọ ohun ìdítí, ó kúnlẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé fún igi, ní apá ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó wó sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí sẹ́yìn, wọ́n á gé e wá pàdé ẹnu náà. Títì ni wọ́n fẹ́ kí Ọ̀kánjúwà wó sí, wọ́n sì ti fi okùn dí i lápá méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀.

Kò pẹ́ tí Awogi fi fa okùn. Agégi pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí etí kan.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ohùn ayùn yí padà."

"Ibi tó gbó ni. Ṣé ẹ̀rù ti ń bà yín ni?"

Ó tún tan án. Afẹ́fẹ́ ti ń gbé ewé nílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jáde lẹ́nu ayùn ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni da yíǹkì sí i. Awogi tún fa okùn. Lọ́tẹ̀ yìí Agégi ṣí etí méjèèjì, ó sì dìde.

"Wò ó, ó dúdú," ni Awogi wí.

"Igi tó ń kú, ṣé ó máa funfun ni? Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ọ̀run. Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá lẹ fi ń wo gbogbo igi. Bí ẹ bá tún fà mí lásán, mo máa tú okùn yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Awogi wọ egungun. Lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló lu igi, òun ló gbọ́ irin, òun ló fa ìlà. Kí ló tún ń bà á lẹ́rù? Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ń yọ àbúrò òun lẹ́nu.

Nígbà tí Agégi gé ẹnu tán, ó kù kí ó yí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Màmá Onílé ṣì wà nínú ilé, ó ń kó ìwé àti oògùn rẹ̀ sínú báàgì.

"Dúró kí n mú Màmá jáde," ni Awogi wí. "Má tan án o."

"Ẹ yára."

Ó so ìdí okùn mọ́ géètì, ó sì wọlé lọ. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, torí inú ilé náà jìn ju ìta lọ. Àtẹ̀gùn méjì lèèyàn máa sọ̀ kó tó dé pálọ̀. Màmá Onílé jókòó sórí àga, ó ń ka ike oògùn rẹ̀ bí ẹni tí kò sí ìjì níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ. Gbogbo oògùn ayé ò ní í gba igi dúró."

"Mò ń bọ̀. Orúnkún mi ni kò gbọ́ tèmi."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí afẹ́fẹ́ líle kan fi fẹ́ kọjá. Igi náà dún gbàrà níta, bí ìgbà tí egungun bá ṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ayùn fi ké. Agégi ti rí i pé bí òun bá dúró, igi á yíjú padà sórí ilé tí ẹ̀gbọ́n òun wà nínú rẹ̀. Ó ti yí sẹ́yìn, ó ti ń gé e.

Awogi gbá Màmá Onílé lọ́wọ́ mú, ó tọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Orúnkún arúgbó kọ̀ lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Awogi fi ìbínú gbé e.

"Màmá, ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ kọ́lé sínú kòtò?"

"Kòtò wo? Àtẹ̀gùn mẹ́rin la fi ń gòkè wọlé yìí nígbà ayé ọkọ mi. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ló da iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn omíyalé. Wọ́n gbé títì àti gbogbo àgbàlá wa sókè. Ìgbà náà ni wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tuntun, tí wọ́n kàn án mọ́ igi."

Ẹsẹ̀ Awogi dúró. Mẹ́rin tí wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀. Méjì tí wọ́n ń sọ̀ báyìí. Mẹ́fà ni. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àtẹ̀gùn mẹ́fà ga tó ìbàdí àgbàlagbà. Ilẹ̀ tí Màmá Onílé dúró lé nígbà tó ń sá ìlédìí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí, ó fi ìwọ̀n ìbàdí jìn, ìdí igi náà gan-an sì wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó mú kó wọlẹ̀ ṣánṣán bí òpó nìyẹn. Ohun tó ń pa á nìyẹn. Irin tó dún kíń, ìṣó nọ́ńbà ilé ni. Èèkàn ọkọ Màmá kò sí níbi ọ̀dà pupa rárá. Ibi ọ̀dà funfun ló wà.

Ó fi Màmá sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sáré. Ó dé géètì, ó gbá okùn mú, ó fi gbogbo agbára fà á.

Okùn náà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìkọ́ bẹ́líìtì ń fò lórí òkúta lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Agégi ti tú u lóòótọ́.

Awogi pariwo orúkọ rẹ̀, èyí tí ìyá wọn sọ ọ́, ayùn sì gbé e mì. Ó rí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, ó rí ọrùn rẹ̀ tí òógùn ń ṣàn níbẹ̀, ọrùn tó ti fi aṣọ nù láìmọye ìgbà. Bó bá fọwọ́ kàn án, á ta gìrì. Bó bá sọ òkúta lù ú, á ta gìrì. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ yẹn kò jọ ẹ̀rù mìíràn tó bà á rí láyé rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bí ohùn ayùn ti ń wúwo sí i.

Ibì kan ṣoṣo ló kù. Agégi kì í wo ayùn nìkan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbójú sókè wo ọ̀nà tí igi máa gbà wó. Ọ̀nà yẹn ni Bàbá ti kọ́kọ́ kọ́ wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí, ìbáà jẹ́ òkú. Awogi gba abẹ́ okùn tí wọ́n fi dínà kọjá, ó dúró sáàárín títì, ó kọjú sí igi, ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kánjúwà ń mì lókè orí rẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ kan já, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kúrò. Ó ń ka iye ìgbà tí òun mí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Agégi gbójú sókè. Ó rí i. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo òpópónà pa rọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀."

"Gbé ayùn yẹn jáde ná. Rọra gbé e jáde."

Ó rọra gbé e jáde. Nígbà náà ni Awogi tó kúrò lábẹ́ igi, ó sì lọ mú Màmá jáde kúrò ní àgbàlá. Wọ́n gbá igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì wọ ojú ibi tí ayùn ti gé, kí igi má bàa padà sórí ilé. Awogi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Agégi: àtẹ̀gùn mẹ́fà, iyẹ̀pẹ̀, nọ́ńbà ilé. Agégi gbé ayùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó lọ mú àáké. Àáké ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, títí Ọ̀kánjúwà fi kérora, tó sì wó gbalaja sórí títì, kí òjò tó dé.

Ojú gígé náà wá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí. Èèkàn irin náà wà nínú igi lórí ìlà funfun gan-an, ó nípọn ju àtàǹpàkò Màmá lọ, ìpẹtà rẹ̀ sì ti sọ igi tó yí i ká di dúdú bí yíǹkì. Ojú ọ̀nà ayùn sì hàn kedere, níbi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ti dúró. Agégi kúnlẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ wọn àárín ibi tí ayùn dúró sí àti irin. Ìka méjì wọ̀ ọ́. Ìkẹta kò rí àyè.

"Ta ló fa ìlà funfun yìí?" ló béèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

"Èmi ni," ni Awogi wí. "Díẹ̀ ló kù kí n pa ọ́."

"Èmi náà ló tú okùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ má sọ fún Bàbá."

Awogi sọ fún Bàbá. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ti ìṣó àtijọ́ mọ́ ọn, èyí tí ẹnu rẹ̀ kò gbà láti sọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n mú òun dé ibẹ̀ láàárọ̀.

Láàárọ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ìdí kùkùté náà. Nígbà tí kòtò jìn dé ìbàdí, wọ́n bá ìdí igi gan-an, ó fẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ilẹ̀ àtijọ́ sì le lábẹ́ rẹ̀. Màmá Onílé ní kí wọ́n fa òun sọ̀kalẹ̀. Ó dúró sórí ilẹ̀ tó ti ń sá aṣọ nígbà èwe rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí kùkùté, èèkàn náà sì wà ní èjìká rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga jù ú lọ.

"Mo ní mo dín," ló wí.

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ wá irin náà, ó di í mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí ojú òsì rẹ̀ sí àkọ́bí rẹ̀.

"Igi kì í gbé irin ròkè," ló ní. "Òótọ́ ni. Mo kọ́ yín lápá kan, mi ò kọ́ yín tán. Nígbà yẹn náà, mo bi ọ́ pé níbo ni ìṣó wà. Mi ò bi ọ́ pé ọmọ ọdún mélòó lo wà nígbà tó o kàn án. Àgbà ni mí, èmi ni mo yẹ kí n béèrè. Má gbé ojú mi rìn mọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo ni ín."

Awogi bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú Màmá Onílé àti gbogbo àwọn tó wá ya fọ́tò. Agégi kò mọ ohun tó máa ṣe fún un. Ó lọ síbi géètì, ó ká okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà wá, ó so ó mọ́ bẹ́líìtì ní kókó méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí igi kankan tí wọ́n fẹ́ gé mọ́ láàárọ̀ yẹn, ó sì fi ìdí rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.